Ìwọ̀ Oníìyẹ́ ní Àkókò Ọyẹ́

Ẹni tí ó bá dúró ní iwájú ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá ní ọ̀sán gangan, láàárín ariwo ọkọ̀ èrò àti igbe àwọn tí ń polówó ọjà, kò lè gbà pé omi ńlá wà nítòsí rẹ̀. Ilé àti ìsọ̀ nìkan ni ojú ń rí. Iná jó ọjà náà ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007. Wọ́n tún un kọ́ ní ilé alájà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2014. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ní pẹ̀lẹ́, kò ní tó wákàtí kan tí yóò fi dé Mákòókò, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí ọ̀sà Èkó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Yábàá ti dàgbà, wọ́n ti ní ọmọ tiwọn, wọn kò sì tí ì ki ọwọ́ bọ omi ọ̀sà yìí rí. Inú agbọ̀n àwọn ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n ti mọ ẹja.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan tí ó ní ìsọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà náà. Àwòrán kan ni ó kó ìfẹ́ ẹja pípa sí i lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní ìlú Òyìnbó ni ó fi í ránṣẹ́ sí i. Nínú àwòrán náà, yìnyín bo bèbè odò bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà dúró nínú omi dé orúnkún, ó wọ ṣòkòtò rọ́bà tí ó gùn dé àyà, ó sì gbé ẹja kan lọ́wọ́. Ẹja náà dán bí fàdákà, lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga bí ìgbòkun ọkọ̀. Kò sí ekòló ní ẹnu ìwọ̀ tí ó fi mú un. Ìyẹ́ ẹyẹ díẹ̀ tí a fi òwú dì mọ́ irin ni ẹja náà gbé mì.

Ọ̀rọ̀ yìí ya aránṣọ náà lẹ́nu. Ìyẹ́ àti òwú! Ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó di oúnjẹ ẹja lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, nígbà tí owó ti tán lápò àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ ìránṣọ sì dẹwọ́, àyè wà fún un láti máa ro irú nǹkan báyìí. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá, okùn àti àgbá ìkáwùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Owó kan wà tí ó ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ tí ń ya iṣẹ́ sí ọrùn agbádá. Owó náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n náà fi ń pẹja nínú òtútù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kì í jẹ́ kí a pa ẹja trout àbínibí inú odò láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ gan-an yàtọ̀ láti agbègbè dé agbègbè. Ìgbà náà ni ẹja yìí ń yé ẹyin sí àárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n ẹja kejì wà tí wọ́n ń pè ní grayling, òun ni ẹja onílẹbẹ́ gíga inú àwòrán. Ìgbà tí òtútù bá ti lọ ni òun máa ń yé ẹyin, nítorí náà òun ni àwọn apẹja ń dojú kọ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba kí ó tó na ọ̀pá sí odò kankan níbẹ̀. Àwọn apẹja náà kì í sì jí lọ ní kùtùkùtù. Ara ẹja kì í mú ooru tirẹ̀ jáde bí ti ènìyàn. Bí omi bá ti tutù tó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tutù tó, ebi kì í sì tètè pa á. Láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti ta sí omi díẹ̀, ni ó máa ń jẹun. Ẹni tí ó bá sùn jù ní ilẹ̀ náà ní ìgbà òtútù kò pàdánù ẹja púpọ̀.

Bí ìwọ̀ oníìyẹ́ ṣe ń fò lọ sínú omi tún jẹ́ ohun ìyanu fún ẹni tí kò rí i rí. Ní ti ìwọ̀ tí àwa mọ̀, òjé ni a so mọ́ okùn. Bí a bá jù ú, òjé ni yóò fa okùn lọ. Ìyẹ́ kò wúwo, kò lè fa ohunkóhun. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní nínípọn, tí ó sì wúwo, ọ̀pá ni a ó sì fi jù ú. Apẹja á gbé ọ̀pá sókè, okùn á fò lọ sẹ́yìn rẹ̀. Á dúró díẹ̀ kí okùn náà tó nà tán. Lẹ́yìn náà ni yóò tì í síwájú. Ìdúró díẹ̀ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí ó bá kánjú, okùn á ta kókó sí i lórí, ìwọ̀ á sì gbé e ní etí. Fún ìdí èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ gé ẹnu ìwọ̀ kúrò, kí ó so ìdì òwú kékeré rọ́pò rẹ̀, kí ó sì lọ máa jù ú lórí pápá ìgbábọ́ọ̀lù ní kùtùkùtù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọmọdé yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fara pa.

Nínú iṣẹ́ dídì ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀, aránṣọ ni ọ̀gá. Òǹkọ̀wé kan ní Róòmù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aelian, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi pé àwọn apẹja ilẹ̀ Makedóníà a máa wé òwú irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọn a sì fi ìyẹ́ ọrùn àkùkọ méjì sí i, kí ó lè jọ eṣinṣin kan tí ẹja odò wọn fẹ́ràn. Kò sí èyí tí kò sí ní Tẹ́júoṣó nínú gbogbo ohun wọ̀nyí. Àwọn aládìyẹ ń da ìyẹ́ nù lójoojúmọ́. Òwú oríṣiríṣi àwọ̀ kún orí tábìlì aránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ bí a ti ń ta kókó tí kì í tú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀dọ́mọkùnrin náà di mẹ́jọ. Márùn-ún kò jọ ohunkóhun tí Ọlọ́run dá. Mẹ́ta jọ kòkòrò tí ó bọ́ sómi.

Ibo ni yóò wá lọ jù wọ́n sí? Ọjọ́ ìsinmi kan ni ó mú wọn dání lọ sí Mákòókò. Àwọn Ègùn tí wọ́n wá láti ìhà Àgbádárìgì àti láti ilẹ̀ Benin ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Orí òpó igi ni ilé wọn wà lójú omi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń lọ láti ilé dé ilé, iṣẹ́ ẹja sì ni oúnjẹ wọn. Bàbá arúgbó kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ní etí omi. Aránṣọ náà kí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ìwọ̀ oníìyẹ́ rẹ̀ hàn án. Bàbá náà yí i sọ́tùn-ún sósì.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “eré ni o fẹ́ fi èyí ṣe, tàbí oúnjẹ ni o ń wá?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ kọ́ ọ ni. Mi ò tí ì pẹja rí.”

“Eré ni nígbà náà. Kò burú. Ṣùgbọ́n oko wa ni ibi tí o ń wò yìí.”

Ó nawọ́ sí àwọn igi tí a rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi ní ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé omi ni ó gbá wọn jọ. Ẹlẹ́ja ni ó rì wọ́n síbẹ̀ kí ẹja lè sá sí abẹ́ wọn, kí wọ́n máa jẹ ohun tí ó hù sí ara igi, kí wọ́n sì pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá tó àkókò, olúwa igi á fi àwọ̀n yí wọn ká, á kó wọn. Láti ọ̀sà Èkó títí dé adágún Nókùé ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Akájà ni orúkọ rẹ̀ ní ọ̀hún. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sí abẹ́ igi bẹ́ẹ̀ wọ oko olóko ni. Bàbá náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré rárá. Ọwọ́ ìjọba ti dé sí ilé wọn ní oṣù kéje ọdún 2012, nígbà tí wọ́n wó apá kan Mákòókò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹ̀fun pákó tún fi bọ́ sínú omi láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú tẹ́lẹ̀ ní Òkò Bàbá, Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tí ń wa yanrìn sì ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà tí ẹja ń jẹ̀. Ó kù díẹ̀ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí àlejò tún wá máa fi ibi tí wọ́n ti ń jẹun ṣeré.

Nígbà tí ó rí i pé ọmọ náà ń gbọ́ràn, bàbá yìí sọ ìṣe ọ̀sà fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀sà Èkó kò jìn. Ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò ju ìbàdí àgbà lọ. Lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ ni omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, lẹ́ẹ̀méjì ni ó sì ń jáde. Wíwọlé rẹ̀ ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, jíjáde rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i ní ọjọ́ kejì, nítorí òṣùpá ni ó ń tẹ̀ lé. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á tú omi sínú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Koríko orí omi olódòdó àlùkò, èyí tí ó kọ́kọ́ yọ sí wa ní ìhà Àgbádárìgì ní ọdún 1984, á wá bo ojú omi bí ẹní. Ní ìgbà ọyẹ́, odò fà, omi òkun lágbára, iyọ̀ á padà wọ ọ̀sà, koríko náà á sì kú. Ìgbà yìí ni àwọn ẹja òkun bíi kúta ń wọlé, tí àwọn ẹja tí ó fẹ́ omi tí kò níyọ̀ ń sá lọ sókè odò.

“Èyí tí o gbé dání yìí,” ni bàbá náà wí, ó tọ́ka sí ìyẹ́, “ojú ni ẹja fi ń rí i. Omi wa níhìn-ín dúdú. Òbòkún tí ó wà ní ìsàlẹ̀, imú àti irùngbọ̀n ni ó fi ń wá oúnjẹ. Edé ni kí o fún un.”

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni èyí. Ibi tí omi bá ti mọ́ ni ìwọ̀ oníìyẹ́ ti wúlò. Ó ku kí á wo irú ibi bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbé Yábàá lè dé. Àwọn kan yóò sọ pé kí ó lọ sí orí òkúta ńláńlá tí wọ́n tò jáde sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà Èkó, ní ìhà Tarkwa Bay. Òótọ́ ni pé omi ibẹ̀ mọ́, ìgbì òkun kì í sì fi bẹ́ẹ̀ le ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ti ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni kúta ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, ìgbì kan ṣoṣo tí ènìyàn kò retí sì tó láti gbá a lọ, eyín kúta náà sì mú bí abẹ. Ẹni tí kò tí ì mú ẹja kan rí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ afárá ńkọ́? Omi tí ó ń gba àárín òpó afárá ń sáré, ó jìn, ó sì ń yí. Ní ti orí Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, ọkọ̀ tí ń sáré níbẹ̀ yóò ti pa apẹja kí ẹja tó jẹ ìwọ̀ rẹ̀.

Odò Ògùn ni ó dára jù fún un, ní òkè, kí ó tó dé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìṣẹrì. Odò yìí ti ìhà òkè Ọ̀yọ́ wá, ó sì gba àárín àpáta kọjá ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, omi rẹ̀ á fà, ẹrọ̀fọ̀ á rọlẹ̀, òkúta ìsàlẹ̀ á sì hàn. Ẹja á kó jọ sí inú kòtò omi tí ó kù láàárín àpáta. (Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe ọdún ẹja Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1934, ọwọ́, igbá àti àwọ̀n ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọn kì í mú ìwọ̀ wá.) Epìyà wà nínú odò Ògùn, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà sì wà tí wọ́n ń fò sókè láti gbé kòkòrò tí ó bọ́ sómi. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìyẹ́ lè tàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021, ọkọ̀ ojú irin ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, nítorí náà aránṣọ Tẹ́júoṣó lè lọ kí ó sì padà láàárín ọjọ́ kan, bí ó bá wo àkókò ọkọ̀ dáadáa.

Ewu tirẹ̀ wà. Nínú omi tí kò ṣàn, àwọn ìgbín kéékèèké kan ń gbé tí wọ́n ń tú kòkòrò àtọ̀sí ajá sínú omi. Kòkòrò náà ń gba awọ ara wọlé, àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ ní ìhà ìdídò Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sínú odò Ògùn. Ẹni tí kò ní ṣòkòtò rọ́bà bí ti ẹ̀gbọ́n inú àwòrán yìí, orí àpáta gbígbẹ ni kí ó dúró sí, kí ó má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi. Kí ó fi igi kékeré kan gún etí omi nígbà tí ó bá dé, kí ó sì máa wò ó. Bí omi bá ń gun igi náà, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ọ̀nà tí ó gbà wá má baà di odò. Kí ó mú ẹnì kejì dání. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ó tó ju ìwọ̀ rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo omi ni a ń pẹja nínú rẹ̀. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, fún àpẹẹrẹ, èèwọ̀ ni ẹja pípa, ẹja ibẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sá fún ènìyàn.

Ọ̀ràn owó ni ó gba ìrònú jù. Bàbá Mákòókò ti bi aránṣọ náà léèrè iye tí ọ̀pá ìlú Òyìnbó ń jẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní owó náà tó ra ẹ̀yà ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ó gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un tí ó gùn ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ, ó so okùn mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, okùn náà sì gùn tó ọparun náà, kò ní àgbá. Ní ilẹ̀ Japan, irú ọ̀pá yìí, tí kò ní àgbá, tí okùn rẹ̀ wà ní ṣóńṣó, ni àwọn ará orí òkè fi ń ju ìyẹ́ sí odò wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Tenkara ni wọ́n ń pè é. Bàbá náà kò gbọ́ nípa Japan rí. Ọparun tirẹ̀ tó fún kòtò omi tí kò fẹ̀, owó ẹ̀rọ agbádá sì wà ní ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Èrèlé, aránṣọ náà àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ dé etí odò Ògùn ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, nígbà tí ọyẹ́ ti ń ká kúrò lójú omi. Ìyẹ́ àkọ́kọ́ há sí àpáta, ó já. Èkejì bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, omi sì gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ bí kòkòrò tí ó rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún ni ohun kan já a gbà lójijì, ọparun tẹ̀, ọmọṣẹ́ sì pariwo ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ẹja náà kò ju ìka ọwọ́ mẹ́ta lọ ní gígùn. Wọ́n wò ó, ó ń dán nínú oòrùn. Wọ́n dá a padà sómi. Kí oòrùn tó yí sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n mú márùn-ún sí i, epìyà kan tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ sì wà nínú wọn, òun nìkan ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ó kù fún irú ẹja pípa bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ sí òkè odò ní oṣù Ẹrẹ́nà, omi á pọ́n, ẹja kì í sì rí ìyẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà títí ọyẹ́ yóò fi tún dé, ọjọ́ ìsinmi ni aránṣọ náà ń lọ sí Mákòókò, tí ó ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ bàbá, tí ó ń fi edé sí ẹnu ìwọ̀ fún òbòkún, ní ibi tí bàbá bá fi hàn án, tí ó jìnnà sí igi àwọn ẹlẹ́ja.